Bí Òdòdó Àkọ́rọ̀ Ṣe Kúrò Nínú Ọgbà Ọ̀kín

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń dáná, tí wọ́n sì ń pe ara wọn wá jẹun, òdòdó funfun tí ó máa ń yọ lójijì lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ kò sí nínú igbó rárá. Kò sí létí ọ̀nà. Kò sí lẹ́bàá odò. Ibì kan ṣoṣo ni ó wà lórí ilẹ̀ ayé, inú ọgbà Ọ̀kín, ọba gbogbo ẹyẹ.

Ọ̀kín gbin pèrègún yí ọgbà náà ká, òun nìkan ni ó sì ń wọ ibẹ̀. Bí òdòdó bá ti tan, á ránṣẹ́ pe gbogbo ìlú. Wọn á wá dúró sẹ́yìn pèrègún, wọn á máa na ọrùn, wọn á máa fi ojú kan yọjú wò ó.

"Ẹ wò ó dáadáa o," Ọ̀kín á wí, á sì na ìyẹ́ ìrù rẹ̀. "Ẹ ò lè rí irú rẹ̀ níbòmíràn."

Nígbà kan, ẹnìkan nínú èrò béèrè pé, "Kábíyèsí, kí ni wọ́n ń pè é?"

Ọ̀kín wúkọ́ díẹ̀. "Mo ní kí ẹ wò ó, mi ò ní kí ẹ bi mí ní ìbéèrè."

Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹni tí ó tún béèrè.

Bí òdòdó náà bá ti rọ, tí ewé rẹ̀ gbẹ, gbogbo rẹ̀ á pòórá wọlẹ̀. Tí ẹ bá dé ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rò pé erùpẹ̀ lásán ni Ọ̀kín ń ṣọ́.

Òkẹ́tẹ́ ń gbé nítòsí ọgbà yìí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tí ó ti darúgbó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Kò sí ẹni tí ó mọ ọbẹ̀ sè tó Òkẹ́tẹ́ ní gbogbo ìlú. Ìyá Alásè ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bí ó bá ṣí ìkòkò rẹ̀ báyìí, àwọn tí ń jà á dá ìjà dúró, wọn á kọ́kọ́ gbóòórùn ná.

Ní ọdún kan, ọ̀dá dá. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Koríko gbẹ, odò fà, oko gbogbo sì pọ́n bí ẹni tí iná rà. Nínú ọ̀dá yìí gan-an ni ayọ̀ ńlá dé bá Aparò, ọ̀rẹ́ Òkẹ́tẹ́.

Ó ti pẹ́ tí Aparò ti ń yé ẹyin. Bí ó bá yé, ejò á kó o jẹ. Bí ejò ò bá kó o, iná oko á jó o. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, gbogbo ẹyin rẹ̀ ló pa. Àwọn ọmọ jáde wérewère, wọ́n ń ké, wọ́n ń ṣubú lu ara wọn. Aparò ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ó sáré káàkiri ìlú, ó ń kígbe pé, "Ẹ bá mi yọ̀! Ẹ wá bá mi sọ ọmọ lórúkọ! Mi ò ní nǹkan kan nílé o, ẹ ṣáà máa bọ̀!"

Òkẹ́tẹ́ dì mọ́ ọn. "Fọkàn balẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Èmi ni mo máa sè. Ọbẹ̀ tí mo máa fi kí àwọn ọmọ yìí káàbọ̀, òórùn rẹ̀ á dé ìlú kejì!"

Ó ti ṣe ìlérí tán kí ó tó rántí pé òun kò ní àlùbọ́sà.

Ata wà nílé. Epo wà. Olú gbígbẹ wà, iyọ̀ sì wà. Ṣùgbọ́n Òkẹ́tẹ́ kò lè ronú ọbẹ̀ tí kò ní àlùbọ́sà. Ó wá a títí. Ó wá a ní oko àtijọ́, ó wá a ní ìdí ọ̀gán, ó bi gbogbo ẹni tí ó pàdé. Kò rí ẹyọ kan. Ó ń padà bọ̀ wálé, orí rẹ̀ wà nílẹ̀, nígbà tí ó dé ẹ̀gbẹ́ pèrègún Ọ̀kín.

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti gbá erùpẹ̀ ibẹ̀ lọ. Nǹkan kan sì yọ orí roboto.

Òkẹ́tẹ́ dúró. Ó tẹ̀ síwájú. Ó fi ọwọ́ gbá erùpẹ̀ díẹ̀ kúrò. Nǹkan náà ṣe roboto bí àlùbọ́sà. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi ti àlùbọ́sà. Gbòǹgbò tín-ín-rín tí ó wà nídìí rẹ̀ gan-an dà bí irun ìdí àlùbọ́sà.

"Yéè!" Òkẹ́tẹ́ fò sókè. "Àlùbọ́sà! Àṣé ohun tí Kábíyèsí ń fi pamọ́ fún wa nìyí! Ó ń fi òdòdó hàn wá lókè, ó sì ń to àlùbọ́sà sísàlẹ̀!"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọ̀kín ti lọ sódò, ó lọ tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe, bí ó ti máa ń ṣe ní ọ̀sán gangan. Òkẹ́tẹ́ rò ó wò pé òun á tọrọ díẹ̀ nígbà tí ọba bá dé. Ó tún rò ó pé ọba kò ní fún òun. Ló bá ki orí bọ abẹ́ pèrègún.

Ó gbẹ́! Erùpẹ̀ ń fò lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń rí ọ̀kan, ó ń rí òmíràn, wọ́n pọ̀ bí ẹni pé wọ́n dà wọ́n síbẹ̀. Ó kó wọn sí àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó kó wọn sí ti òsì, títí ojú rẹ̀ fi há sí àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ó sáré lọ bo wọ́n mọ́lẹ̀, ó sáré padà wá kó òmíràn.

Òkẹ́tẹ́ kì í kó ohun ìní rẹ̀ sí ojú kan, nítorí àwọn olè. Ó bo díẹ̀ mọ́ ìdí ìrókò. Ó bo díẹ̀ mọ́ etí odò. Ó bo díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà oko, díẹ̀ sí ìdí àpáta, díẹ̀ síwájú ilé Ehoro, díẹ̀ síwájú ilé Aparò. Nígbà tí ó yá, kò tilẹ̀ wo ibi tí ó ń bò ó sí mọ́. Inú rẹ̀ dùn jù.

Ó kó èyí tí ó kù wọlé. Ìyá rẹ̀ gbójú sókè.

"Kí lo há sẹ́nu báyìí?"

"Ám-bú-há!" ni Òkẹ́tẹ́ wí.

"Kí ni?"

Òkẹ́tẹ́ tu gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ gbalagbala. "Àlùbọ́sà, Ìyá mi! Àlùbọ́sà!"

Ìyá arúgbó pàtẹ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin láìní eyín lẹ́nu.

Nígbà tí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé, ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí Òkẹ́tẹ́ fi gbé ìkòkò ńlá kaná. Ó bó awọ, ó gé e wẹ́wẹ́, ó dà á sínú epo gbígbóná. Ó ń ju ìdí bí ó ti ń ro ọbẹ̀. Ó ń ronú sí bí Aparò ṣe máa dì mọ́ òun, bí gbogbo ìlú á ṣe máa lá ọwọ́.

Ehoro ni ó kọ́kọ́ dé. Ehoro kì í lè dúró de nǹkan kan. Ó wo ìkòkò, ó wo àwọn kókó roboto tí ó kù nínú igbá, ó sì mú ọ̀kan.

"Ehoro, gbé e sílẹ̀, ọbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná!"

"Ìyá Alásè, ẹ jọ̀ọ́, láti àná ni mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu!" Ó rún un wómúwómú. Ó fajú ro díẹ̀. "Ó korò o," ó wí, ó sì gbé e mì. Ó jáde lọ bá àwọn tó kù lábẹ́ igi.

Gbogbo ìlú ti jókòó. Ebi ti fa ikùn wọn mọ́ ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òkẹ́tẹ́ gbé ìkòkò jáde, ariwo sì sọ. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ tuntun kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, nítorí tiwọn ni ọjọ́ náà. Aparò bù ú díẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ kí ó tutù. Àwọn ọmọ tò yí i ká, gbogbo wọn la ẹnu sílẹ̀.

Òkẹ́tẹ́ dúró, ó ń wò wọ́n. Ó gbé etí aṣọ rẹ̀ sójú láti nu omi ojú nù, bí ó ti máa ń ṣe lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ tí ó bá sè.

Kò sí omi ojú.

Ó nu ún lẹ́ẹ̀kejì. Ojú rẹ̀ gbẹ táútáú. Bẹ́ẹ̀, òun ti gé kókó yìí láti àfẹ̀mọ́júmọ́! Ìgbà wo ni ẹnìkan gé àlùbọ́sà tó báyìí tí ojú kò ta á, tí imú kò ṣomi? Ó sáré gbé ọwọ́ rẹ̀ sí imú. Ó gbóòórùn erùpẹ̀. Ó gbóòórùn koríko tútù. Kò gbóòórùn àlùbọ́sà rárá.

"Aparò!" ó ké bí ẹni tí iná jó. "Má fi sí wọn lẹ́nu!"

Aparò ò tilẹ̀ gbọ́, ariwo pọ̀. Òkẹ́tẹ́ fò. Ó fò gba orí èrò kọjá, ó gbá ọwọ́ Aparò dànù, ó sì fi ẹ̀yìn ti ìkòkò ńlá náà. Gbìrìgbìrì, ó yí! Ọbẹ̀ dà sórí erùpẹ̀, kò ku ẹ̀kán kan.

Ni ariwo bá bẹ́.

"Ìyá Alásè ti ya wèrè!"

"Nínú ọ̀dá yìí! Oúnjẹ ọmọ tuntun!"

Aparò wo ilẹ̀, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Òkẹ́tẹ́, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

"Kì í ṣe àlùbọ́sà," ni Òkẹ́tẹ́ ń wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ó jọ ọ́ ni. Kì í ṣe òun. Kò rùn! Ẹ gbóòórùn ọwọ́ mi, kò rùn!"

Wọn ò tíì dá a lóhùn tí wọ́n fi gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn igi. Ehoro ni. Ó di ikùn mú, ó ń gbọ̀n, ó sì ń bì bí ẹni tí ìfun rẹ̀ fẹ́ jáde.

"Ẹ gbà mí! Kókó yẹn ni! Ẹyọ kan péré ni mo jẹ!"

Nígbà náà ni ó yé gbogbo wọn. Aparò sáré kó àwọn ọmọ rẹ̀ sábẹ́ ìyẹ́, ó ń kà wọ́n, ó ń fọwọ́ kan ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn yòókù gbé Ehoro sí ibòòji. Wọ́n bomi sí i lórí, wọ́n fún un lómi mu, ó bì í, wọ́n tún fún un. Òkẹ́tẹ́ di orí rẹ̀ mú, kò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí oòrùn ń yẹ̀ ni Ehoro la ojú kan.

"Ìyá Alásè," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ṣé kò sí nǹkan mìíràn tí èèyàn lè jẹ?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan sì ń sunkún pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀rín náà kò tíì tán tí Ọ̀kín fi balẹ̀ sí àárín wọn. Ọjọ́ náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọgbà rẹ̀, tí ó rí ihò níbẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ dìde gàgàrà.

"Ta ló wọ ọgbà mi? Ta ló hú òdòdó mi?"

Òkẹ́tẹ́ wólẹ̀. "Èmi ni, Kábíyèsí. Mo rò pé àlùbọ́sà ni. Ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí ni nǹkan náà gan-an? Kí ni orúkọ rẹ̀? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ẹ sọ fún wa kí a lè mọ̀ ọ́n."

Ọ̀kín la ẹnu. Ó pa á dé. "Orí ọ̀rọ̀ orúkọ kọ́ la wà!" ó pariwo. "Gbogbo rẹ̀ ni o máa kó padà wá fún mi. Kí oòrùn tó wọ̀! Bí ó bá ku ẹyọ kan, ìwọ àti ìyá rẹ ẹ máa kúrò ní ìlú yìí."

Òkẹ́tẹ́ sáré! Ó dé ìdí ìrókò, ó hú tibẹ̀. Ó dé ìdí àpáta, ó rí ti ibẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n níbo ni èyí tí ó bò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà? Ṣé níbí ni, àbí níwájú? Etí odò gùn, ibo ni ó dúró sí? Ó ń gbẹ́, ó ń gbẹ́, kò rí nǹkan kan.

Lójijì, ojú ọ̀run ṣú. Ààrá sán. Ẹ̀kán òjò kan bọ́ sí i ní imú.

"Òjò!" gbogbo ìlú ké. "Òjò àkọ́rọ̀ dé o!" Wọ́n jáde, wọ́n ń jó, wọ́n ń la ẹnu sókè, wọ́n ń yí nínú ẹrẹ̀. Òkẹ́tẹ́ nìkan ni kò jó. Ó dúró nínú òjò, ó ń wo bí àgbàrá ṣe ń gbá gbogbo ojú ibi tí ó ti bo nǹkan lọ.

Ó wọlé lọ bá ìyá rẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀.

"Ìyá mi, wọ́n máa lé wa."

"Èmi ò lè rìn, ọmọ mi. Ìwọ máa lọ."

"Màá pọ̀n yín," ni Òkẹ́tẹ́ wí. "Bí mo ṣe lè kó ẹrù sẹ́nu tó yẹn, ṣé ẹ̀yin ni mi ò ní lè pọ̀n?"

Òjò náà rọ̀ ṣáá, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí ó dá, Ọ̀kín mú Àṣá ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ dání, wọ́n wá lé Òkẹ́tẹ́ jáde. Òkẹ́tẹ́ ti ṣe tán. Ó pọ̀n ìyá rẹ̀, ó so ọ̀já pinpin, ó sì yọ orí síta.

Ó dúró bí òpó.

Níwájú ilé rẹ̀, níbi tí erùpẹ̀ pupa wà tẹ́lẹ̀, òdòdó funfun ti yọ. Kò tilẹ̀ dúró de ewé. Ó kàn gbé orí jáde nínú ilẹ̀ gbòò, ó sì tan. Òkẹ́tẹ́ wo ọ̀nà oko. Funfun! Ó wo etí odò. Funfun! Ìdí àpáta, ìdí ọ̀gán, iwájú ilé Aparò, gbogbo rẹ̀ funfun láúláú, bí ẹni pé àwọn ẹyẹ lékeléke balẹ̀ sí gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ìyá mi, ẹ yọjú wò ó! Ẹ wò ó!"

Àwọn ẹranko ń jáde nílé wọn, wọ́n ń ké, wọ́n ń pe ara wọn. Àwọn ọmọ Aparò ń sáré láàárín òdòdó náà, ó ga jù wọ́n lọ. Ehoro jáde, ó rí èyí tí ó yọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó sì fò sẹ́yìn. "Òun nìyẹn! Òun ló fẹ́ pa mí!" Lẹ́yìn náà ni ó tún sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ó dára o. Ẹ wo bí ó ṣe dára!"

Ọ̀kín fi ìbínú pariwo. "Ẹ hú u! Gbogbo rẹ̀! Ẹ kó o padà sínú ọgbà mi!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú u. Ṣùgbọ́n àwọn kókó ńlá náà ti bí ọmọ kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Bí wọ́n bá fa ìyá, àwọn ọmọ á já bọ́, wọ́n á sì fọ́n ká. Ọ̀kín fúnra rẹ̀ fi ẹnu gbé e, ó ń fò lọ sí ọgbà, àwọn ọmọ kókó sì ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo ibi tí ó gbà kọjá. Nígbà tí òjò kejì rọ̀, ibi tí kò sí òdòdó tẹ́lẹ̀ ti ní in, ibi tí ó ní in sì ti ní ìlọ́po rẹ̀. Ó ti wọ inú igbó. Ó ti dé orí òkè. Ó ti ń lọ sí ìlú kejì.

Ó rẹ Ọ̀kín. Ó balẹ̀ sórí òkúta, ìyẹ́ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Aparò bá rìn wá síwájú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọmọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, òdòdó yín ti dé iwájú ilé mi. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ mi ń jí wò ó. Ẹ ṣeun."

Ehoro náà wá dúpẹ́. Àwọn yòókù tò lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kín ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń yọjú láàárín pèrègún, wọ́n ti yìn ín, wọ́n ti bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ìyẹ́ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Òkẹ́tẹ́," ó pè é, "sọ ìyá rẹ kalẹ̀. Ẹ ò lọ síbì kankan." Ó gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára ìyẹ́ rẹ̀. "Èmi náà ò mọ orúkọ rẹ̀. Àlejò kan ló gbé e wá fún mi, ojú sì tì mí láti béèrè. Ìwọ tí o kọ́kọ́ mọ ohun tí kì í ṣe, sọ ohun tí ó jẹ́ fún wa."

Òkẹ́tẹ́ gbóòórùn òdòdó kan, ó rò ó wò. "Òjò àkọ́rọ̀ ló pè é jáde. Òdòdó àkọ́rọ̀ ni kí a máa pè é. Ti ojú ni, kì í ṣe ti ẹnu."

Láti ọjọ́ náà ni òdòdó àkọ́rọ̀ ti kúrò nínú ọgbà, tí ó ń hù níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí. Láti ọjọ́ náà ni Òkẹ́tẹ́ kì í kó ohunkóhun sẹ́nu àfi bí ó bá kọ́kọ́ na imú, tí ó gbóòórùn rẹ̀ dáadáa. Láti ọjọ́ náà náà ni àwọn ìyá ti ń sọ fún ọmọ wọn pé, bí ẹ bá hú nǹkan roboto nínú ilẹ̀ tí ó jọ àlùbọ́sà, ẹ gbé e sí imú. Bí kò bá rùn bí àlùbọ́sà, ẹ dá a padà sínú ilẹ̀, ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ sì máa retí òjò.